Òṣèlú ni Chen Duxiu, kì í ṣe "olóṣèlú"

Ẹ̀yin ará mi,

Ẹni tó kọ ìtàn Chen Duxiu, òǹkọ̀wé àti òṣèlú ará Ṣáínà, fún wa lánàá ṣiṣẹ́ ribiribi, ṣùgbọ́n "olóṣèlú" tó pe ọkùnrin náà kò ṣeé gbé mì. Ò- tó wà níwájú òṣèlú ti tọ́ka sí ẹni tó ń ṣèlú, gẹ́gẹ́ bó ti rí nínú òṣìṣẹ́. Ta ló gbọ́ "olóṣìṣẹ́" rí? Bó bá jẹ́ ìṣèlú ni wọ́n fi "oní" ṣíwájú, "oníṣèlú" ni ìbá jáde.

Ẹ̀gbọ́n wa dá mi lóhùn pé Chen fúnra rẹ̀ ló ní kí àwọn ará Ṣáínà máa kọ ohun tí ẹnu ń sọ, nítorí náà kí a gba ohun tí ọjà ń wí. Òótọ́ ni pé inú ìwé ìròyìn Xin Qingnian, tí Chen dá sílẹ̀ ní Shanghai ní ọdún 1915, ni Hu Shi, ọ̀mọ̀wé ará Ṣáínà, ti pè fún àtúnṣe ìwé kíkọ ní oṣù Kìíní ọdún 1917, tí Chen sì gbè é lẹ́yìn ní oṣù kejì pẹ̀lú ohùn tó le ju tirẹ̀ lọ. Èdè ìwé àtijọ́ ni wọ́n gbógun tì. Wọn kò ní kí ọ̀rọ̀ má nípìlẹ̀.

Ẹ wo ìgbẹ̀yìn Chen ná. Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì tó bá wọn dá sílẹ̀ ní ọdún 1921 lé e jáde ní ọdún 1929, ìjọba ẹgbẹ́ Kuomintang tó ń ṣàkóso Ṣáínà nígbà náà sì fi í sẹ́wọ̀n láti ọdún 1932 di 1937. Ní ìlú Jiangjin, nínú òṣì, ìpìlẹ̀ àmì ìkọ̀wé Ṣáínà ló jókòó tì. Ó sọ ìwé náà ní Xiaoxue Shizi Jiaoben. Xiaoxue lè jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì lè jẹ́ orúkọ àtijọ́ fún ìmọ̀ ọ̀rọ̀. Chen Lifu, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ní kó yí àkọlé yẹn padà, Chen Duxiu kọ̀ jálẹ̀. Ó kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 1942, ìwé náà kò tíì jáde. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ẹ fẹ́ fi gbe "olóṣèlú" lẹ́sẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n ní ọgbọ̀n ọdún ni àwọn fi kọ́ni ní Yorùbá, mo kí wọn. Ìyá àgbà tó tọ́ mi kò kọ́ni rí, ṣùgbọ́n bí ìbò bá ti ń súnmọ́, "Àwọn òṣèlú ti dé" ni wọ́n máa ń wí, wọn a sì ti ilẹ̀kùn.

Ní ti "aṣàtẹ̀jáde" tí ẹnìkan fẹ́ fi rọ́pò olóòtú, ilé iṣẹ́ Qunyi ló ń tẹ Xin Qingnian jáde, Chen ló ń ṣe olóòtú rẹ̀. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀.