Labalábá orí jogbo, àti ìyẹ́ tó ya

Ará Apẹ́tẹ́:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lórí fọ́tò labalábá.

Tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí jogbo ń tanná ní etí títì níbí, n kì í lè kọjá kí n má dúró. Ọ̀sán gangan ni mo kọ́kọ́ ń lọ, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣì í. Oòrùn á ti mú, labalábá ò ní gbélẹ̀, òdòdó á wá funfun báláú nínú fọ́tò. Ara labalábá kì í gbóná fúnra rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ yá oòrùn kó tó lè fò dáadáa. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í débẹ̀ ní aago 7:30 àárọ̀, tí ìrì ṣì wà lórí ewé, ni mo ń bá a níbi tó na ìyẹ́ sílẹ̀ tó ń yá oòrùn jẹ́jẹ́.

Mo máa ń kúnlẹ̀ sínú ìrì náà ni. Tó bá pa ìyẹ́ dé, ẹ̀gbẹ́ ni mo ń dúró sí. Tó bá nà án, màá ya á láti òkè. Bí kámẹ́rà bá fì pẹ́nrẹ́n, ìyẹ́ kan á hàn kedere, èkejì á ṣe bàìbàì. f/8 ni mo ń lò fún ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ kámẹ́rà, 1/500 ìṣẹ́jú àáyá fún ìgbà tó fi ń ṣí, ojú labalábá náà ni mo sì ń wò kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ má fojú fo ẹ̀yìn rẹ̀ o! Fọ́tò kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an, àfi ìgbà tí mo délé tí mo rí ọ̀rá píọ́ wọ́tà lẹ́yìn òdòdó, tó ń dán ju labalábá lọ. Ká ní mo sún sí òsì ní ìṣísẹ̀ kan ni, ewé tútù ni ì bá wà níbẹ̀.

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù ni labalábá kan tí wọ́n ń pè ní Papilio demodocus, dúdú tó ní tótòtó bí àwọ̀ ìyeyè, èyí tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ ewé ọsàn. Ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ti ya. Mo jókòó sídìí Snapseed, áàpù tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, ní alẹ́, mo rán an títí kò fi sí àpá. Nígbà tí mo gbé fọ́tò àkọ́kọ́ àti èyí tí mo tún ṣe síra wọn, ó dùn mí. Labalábá tó dìgbò lẹ̀gún, aṣọ rẹ̀ á fàya. Ohun tó ti là kọjá ni mo pa rẹ́ yẹn. Mo yọ iṣẹ́ náà kúrò, mo fi yíya rẹ̀ sílẹ̀.

Ará Mọ́níyà:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Fóònù ni mo fi ń ya tèmi, lórí òdòdó pupa tí wọ́n ń pè ní ixora ní ẹ̀yìnkùlé wa. Mo máa ń fi kún àwọ̀ títí pupa náà á fi di ọ̀kan ṣoṣo, ewé òdòdó ò ní yàtọ̀ síra mọ́. Ní báyìí, ibi tó mọ́lẹ̀ jù ni mo kọ́kọ́ ń dín kù. Tí mo bá ń gé etí fọ́tò, màá fi àyè sílẹ̀ níwájú ibi tó kọjú sí. Ẹ sì rọra pẹ̀lú mímú un hàn ketekete: ìpẹ́ wínníwínní ló bo ìyẹ́ yẹn, òun ni lẹ́búlẹ́bú tó ń lẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́ ní kékeré. Ẹ bá ṣe é jù, á dà bí iyanrìn.

Ará Bódìjà:
Ẹnì kan kọ́ mi pé kí n gbé labalábá sí fíríìjì kó lè dúró jẹ́ẹ́. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé e lé òdòdó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lè dì í mú, ó já bọ́ sílẹ̀. Ojú tì mí. N kò dán an wò mọ́.

Ará Apẹ́tẹ́:
Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Sátidé, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ẹ wọ bàtà tí ìrì ò lè bà jẹ́.