Mo fẹ́ bọ́ sí kíláàsì 83: kí ni kí n yọ nínú oúnjẹ mi?

Àbúrò Leeds: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Láti ìgbà òtútù ni mo ti ń jẹun kí n lè tóbi, irin tí mo ń gbé sì ń wúwo sí i lóòótọ́. Ní báyìí mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje powerlifting (ìdíje irin gbígbé), ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Kìlógíráàmù 86 ni mo wà, kíláàsì 83 (ti àwọn tí ìwọ̀n wọn ò ju kìlógíráàmù 83 lọ) ni mo ń wá. Kóòṣì mi, òyìnbó ni, ní kí n máa jẹ ìrẹsì, adìyẹ àti broccoli lójoojúmọ́. Ẹ gbà mí. Ta ló ti fi oúnjẹ ilé ṣe é rí?

Ìyá Ìbejì, Peckham: Jáwọ́ nínú òkèlè alẹ́, ó parí. Àmàlà aago mẹ́wàá òru ló ń sọ gbogbo yín di 86.

Ẹ̀gbọ́n Houston: Ìyá Ìbejì, ẹ rọra o 😂 Aago kọ́ ló ń múni sanra, iye tá a bá jẹ láti àárọ̀ ni.

Àbúrò, kìlógíráàmù mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ò le rárá. Yọ nǹkan bíi kálórì 300 lójúmọ́, wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀. Ibi tí o ti máa yọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Má fọwọ́ kan ẹran àti ẹja. Bí oúnjẹ bá dín, ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iṣan tí o fi òógùn wá. Purotéènì àti irin wíwúwo ni kì í jẹ́ kó rí i jẹ, nítorí náà má tìtorí pé ò ń dín oúnjẹ kù sọ irin kalẹ̀. Jẹ purotéènì gíráàmù 1.6 sí 2.2 fún kìlógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Tìrẹ ò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju nǹkan bíi 140 lọ.

Abọ́ tiwa ló níṣòro níbí. Òkèlè á ga bí Òkè Olúmọ, ẹran kan ṣoṣo á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣebí wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin àti ẹran jù á di olè? Ìpín ọmọdé yẹn la ṣì ń bù fún ara wa lókè òkun. Gbé ẹran tàbí ẹja tó kún àtẹ́lẹwọ́ síwájú. Gíráàmù 150 àyà adìyẹ tó ti jinná, purotéènì inú rẹ̀ lé ní 40. Má sì ka pọ̀nmọ́ mọ́ ọn o. Purotéènì inú pọ̀nmọ́ ò pé, ẹnu ló wà fún.

Ní ti ẹ̀bà, wọn gààrí ní gbígbẹ kí omi gbígbóná tó kàn án. Omi ló ń fẹ ẹ̀bà, kò sì sí áàpù tó mọ bí tìrẹ ṣe le tó. Gíráàmù 100 gààrí gbígbẹ tó nǹkan bíi kálórì 350. Bó bá jẹ́ 200 lò ń tẹ̀, tẹ 120, 300 tá a ń wá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé nìyẹn. Jẹ ẹ́ ní wákàtí méjì-mẹ́ta kí o tó lọ gbé irin, òun ni wàá fi squat (kéèyàn gbé irin lé èjìká, kó lóṣòó, kó sì dìde). Lọ́jọ́ tí o ò bá lọ jíìmù, jẹ́ kó tún kéré sí i, kí ẹ̀fọ́ pọ̀.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Ó dáa, mo gbà. Epo ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń wọn epo nínú gbogbo yín. Síbí ìjẹun kan, kálórì 120 ni, ì báà ṣe epo pupa, ì báà ṣe òróró. Èmi ò lè dín in kù nínú ìkòkò, àwọn ọmọ ò ní jẹ ẹ́. Bí ọbẹ̀ bá ti sun fìríìjì mọ́jú, epo pupa á ti dì lójú rẹ̀, màá fi síbí bu tèmi kúrò kí n tó gbé e kaná. Ẹ̀gúsí nìkan ni ìyẹn ò ràn, inú rẹ̀ gan-an ni òróró wà, ó tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Fi í sílẹ̀ dìgbà tó o bá tún fẹ́ tóbi.

Bàbá Birmingham: Ẹ̀yin ọmọ ń ṣe ìdíje. Èmi ti lé lọ́gọ́ta, dókítà ló ní kí n máa gbé irin nítorí egungun. Mi ò sanra. Ṣé kí èmi náà dín òkèlè kù?

Ìyá Ìbejì, Peckham: Rárá o, Bàbá. Ẹ má dín nǹkan kan kù. Búrẹ́dì àti tíì àárọ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ fi ẹyin mẹ́ta tì í, purotéènì 18 nìyẹn, tàbí mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́ja. Àmọ́ Magí o! Gíráàmù 6 iyọ̀ lójúmọ́ ni NHS (ètò ìlera ìjọba UK) ní kí àgbàlagbà má kọjá, Magí sì wà lára rẹ̀.

Àbúrò Leeds: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Creatine, ìyẹ̀fun tí mo ń lò kí iṣan lè lágbára, ńkọ́? Ṣé kí n dá a dúró?

Ẹ̀gbọ́n Houston: Bí kíndìnrín rẹ ò bá ní ìṣòro, máa lo gíráàmù 3 sí 5 rẹ lọ. Ó máa ń fa omi sínú iṣan, omi yẹn sì ti wà nínú 86 tò ń rí yìí. Ohun tó léwu ni kéèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ìdíje bá ti sún mọ́lé. Bó bá jẹ́ òfin IPF (àjọ powerlifting àgbáyé) ni wọ́n ń lò, wákàtí méjì ṣáájú ìdíje ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n yín, nítorí náà má lọ febi àti òùngbẹ pa ara rẹ. Bó bá ku ọjọ́ méjì, dín ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kù kí ìfun lè fúyẹ́. Gbé ìrẹsì funfun àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dání, kí o jẹ wọ́n gbàrà tó o bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwọ̀n.