Hijaz lórí ukulele: D kò fẹ́ dúró bí ilé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ukulele (gìtá kékeré olókùn mẹ́rin) ta dáadáa, ẹ gbà mí. Hijaz (àtẹ̀gùn ohùn kan nínú orin àwọn Lárúbáwá) orí D ni mò ń kọ́: D, E♭, F♯, G, A, B♭, C. GCEA ni okùn mi, G rẹ̀ sì ga. Ìka kì í ṣe ìṣòro: okùn C ní fret (ìlà ọrùn ukulele tí à ń tẹ okùn sí) 2 àti 3, okùn E ní 2 àti 3, okùn A ní òfìfo, 1, 3 àti 5.

Etí ni kò gbà pé D ni ilé, ìyẹn ohùn tí orin ń padà sí. G minor, àtẹ̀gùn mìíràn tí ilé rẹ̀ jẹ́ G, ló ń fà á, torí ohùn méje kan náà ni wọ́n jọ ní bí F rẹ̀ bá di F♯. Okùn G òfìfo tún ń dá kún un. Mo ti yọ kọ́ọ̀dù (àwọn ohùn tí à ń ta pọ̀) G minor kúrò, D (2220, ìyẹn fret tí mò ń tẹ̀ lórí okùn G, C, E àti A) àti E♭ (0331) ló kù. Ó sàn díẹ̀. Mo fa okùn C dé D kó lè máa dún lábẹ́ orin, àmọ́ orí okùn yẹn náà ni E♭ wà, ó ń gé e.

Ṣé kí n fi okùn G tó rẹlẹ̀ sí i, kí n fà á dé A, àbí kí n kàn máa tẹ G gíga yìí ní fret 2?