Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Géèmù aláró wa, ṣé eré inú rẹ̀ ni ká náwó lé lórí ni, àbí ìtàn?

Ọmọ Aláró (Ìbàdàn):
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Èmi àti ọmọ ìyá mi ń fi Godot, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ṣe géèmù kékeré kan fún fóònù. Ọmọbìnrin kan ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, ló dá lé lórí. Ìyá rẹ̀ àgbà kú, ó fi ìkòkò aró àti àwọn aṣọ tí kò tíì parí sílẹ̀. Ọmọ yìí ń di aṣọ, ó ń rẹ ẹ́, ó ń tà á. Bó ṣe ń parí aṣọ kọ̀ọ̀kan la ń mọ ohun tó da ìdílé náà rú.

Wàhálà ibẹ̀ nìyí. Ìtàn ló gba gbogbo agbára wa. A kọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀, a sì fi àwòrán gígùn kan ṣí géèmù náà. Nínú àwọn ọ̀rẹ́ tí a fún gbá wò, ọ̀pọ̀ ló ń tẹ ojú fóònù léraléra kí ọ̀rọ̀ lè tètè kọjá. Àwọn míì ò tiẹ̀ dé ìdí ìkòkò aró. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á tán máa ń ní òun sunkún. Owó tó kù ò lè ṣe méjèèjì: yálà ká sanwó fún àwọn òṣèré tí yóò fi ohùn sọ ìtàn náà, tàbí ká gbé e fún ẹni tí yóò bá wa tún aṣọ dídì àti rírẹ ṣe kó dùn ún gbá. Ọmọ ìyá mi ní ohùn ni. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá Ṣọ́ọ̀bù (Mushin):
Ọmọ mi, gbé owó ẹ fún eré. Láti ayé PS2 ni mo ti ń fi géèmù jẹun. Bọ́ọ̀lù àti ìjà ni àwọn ọmọ ń wá gbá. Iná lè lọ nígbàkigbà, ta ló fẹ́ jókòó ti ìtàn? Tetris tí Alexey Pajitnov ṣe ní Moscow lọ́dún 1984, ìtàn wo ló wà níbẹ̀? Bíríkì ló ń já bọ́, wọ́n sì ń gbá a títí dòní. Minecraft ńkọ́? Wàá kàn bára ẹ nínú igbó, kó o máa gbẹ́lẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2023, ẹ̀dà tí wọ́n ti tà ti ju 300 mílíọ̀nù lọ. Ẹkún ò pa owó wọlé.

Ará Peckham:
Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù lẹ ń sọ, ẹ ò sọ géèmù. Ọmọ tó sanwó ìgbà kan, tí ẹlòmíì dúró sẹ́yìn rẹ̀ tó ń retí páàdì, báwo ló ṣe fẹ́ fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn? Ẹ gbé e fún un nílé lálẹ́ Sátidé kí ẹ wò ó.

Mo gbá The Last of Us tó jáde lọ́dún 2013. Ìbọn inú rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ìbọn inú géèmù mìíràn. Joel àti Ellie, ọmọ tó ń mú la Amẹ́ríkà tó ti bàjẹ́ kọjá, ni kò jẹ́ kí n sùn. HBO sọ ọ́ di eré tẹlifíṣọ̀n ní 2023, ọkọ mi tí kò mọ páàdì dì mú sì wò ó tán. Ìtàn tó bá dáa lè dá dúró. Ọmọ Aláró, ẹ sanwó ohùn.

Kóòdù Lọ́wọ́ (Ilé-Ifẹ̀):
Àǹtí mi, bí tẹlifíṣọ̀n bá lè sọ ọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀, kí wá ni iṣẹ́ páàdì?

Ará Peckham:
Ẹni tí kò tíì gbá a, kó fo èyí o. Ní ìparí, Joel já wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, dókítà sì dúró láàárín òun àti Ellie. Lórí tẹlifíṣọ̀n, Joel pa dókítà, èmi jókòó, mò ń wò ó. Nínú géèmù, kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ àfi tí èmi fúnra mi bá kọlu ọkùnrin yẹn. Mo dúró, bóyá ọ̀nà mìíràn máa yọ. Kò sí. Ìka mi ló tẹ bọ́tìnì náà. Ọkọ mi ò mọ bí ìyẹn ṣe rí lára.

Kóòdù Lọ́wọ́ (Ilé-Ifẹ̀):
Ẹ ti bá mi dáhùn! Ohun tí mo fẹ́ kí Ọmọ Aláró ṣe nìyẹn: kó gba ìtàn náà lọ́wọ́ ojú, kó gbé e fún ìka. Ẹ wo Hades tó jáde pátápátá lọ́dún 2020. Zagreus fẹ́ sá kúrò ní ìlú àwọn òkú tí bàbá rẹ̀ ń jọba lé lórí. Ìjà ni látòkè délẹ̀. Wàá kú, wàá tún kú. Ṣùgbọ́n bó o bá ti kú, ilé ni wàá padà sí, àwọn ará ilé á ní ọ̀rọ̀ tuntun láti bá ẹ sọ, bàbá ẹ á fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, kì í sì í sú mi, torí wọ́n ń bù ú wá díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn iṣẹ́.

Ìjà nìkan kọ́ ni eré o. Disco Elysium (2019) ò ní ètò ìjà kankan. Ọ̀rọ̀ lọlọ́pàá ọ̀mùtí inú rẹ̀ ń bá èèyàn sọ kiri, dáìsì ló sì ń sọ bóyá ọ̀rọ̀ náà máa wọlé.

Èyí tó dùn mí ni Tales of Kenzera: Zau, tí Abubakar Salim ṣe jáde ní 2024. Ikú bàbá rẹ̀ ló mú un ṣe é: ọmọkùnrin kan lọ bá Kalunga, òòṣà ikú, pé kó dá bàbá òun padà. Ìtàn náà wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n fífò àti sísá inú rẹ̀, mo ti ṣe irú rẹ̀ níbòmíì. Ọwọ́ mi ò mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ ẹnì kan.

Bàbá Ṣọ́ọ̀bù (Mushin):
Ọlọ́pàá tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀? Wọn ò ní gbá a ní Mushin.

Ìyá Alálọ̀ọ́ (Ọ̀yọ́):
Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, èmi ò gbá géèmù o, ọmọ ọmọ mi ló kà á sí mi létí. Ayò ọlọ́pọ́n, ihò 12, ọmọ 48, kò ní ìtàn, àwọn àgbà sì ń ta á títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Bàbá yẹn ò purọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rò pé bí a bá ń pàlọ́, àwọn ọmọ kàn ń gbọ́ ni? A ní “Ààlọ́ o!”, wọ́n ní “Ààlọ̀!” Kó tó lọ jìnnà, Ìjàpá ti dá orin, wọ́n ń gbè é. Ègbè yẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n sùn. Apàlọ́ tó bá ń dá sọ̀rọ̀, kó tó débi tí Ìjàpá ti jalè, gbogbo wọn á ti sùn lọ. Àwọn tó ń tẹ fóònù kí ọ̀rọ̀ kọjá yẹn, o ò tíì fún wọn ní ègbè ni.

Fóònù Kékeré:
Ohùn á mú kó wúwo o. Tí fóònù mi ò bá ti gbà á, ìtàn ì báà dùn ju oyin lọ, mi ò ní gbé e sórí ẹ̀.

Aláró Kẹ́ńta:
Iṣẹ́ mi lẹ ń sọ yìí. Ọmọ Aláró, ṣé o ti rẹ aṣọ sínú aró ẹlú rí? Nínú fídíò tó o fi síbí lọ́jọ́sí, aṣọ ń jáde nínú ìkòkò ní búlúù lójú ẹsẹ̀. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní bó bá ń jáde, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù lójú ẹ. O ó rẹ ẹ́, o ó gbé e sókè kó gba atẹ́gùn, o ó tún rẹ ẹ́. Bó o bá ṣe rẹ ẹ́ tó ni yóò ṣe dúdú tó. Bó o bá kánjú, kò ní mú. Eré nìyẹn! Jẹ́ kí ẹni tó ń gbá a mọ ìgbà tó yẹ kó gbé e sókè. Ìko tí ẹ fi di aṣọ, kó máa fọwọ́ ara rẹ̀ tú u, torí ibẹ̀ ni inú wa máa ń dùn jù: èèyàn ò mọ ohun tó máa bá.

Bó bá jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí a ń fi ẹ̀kọ ya ọnà sí dípò kí a dì í, fún un ní ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ kó fi ya ọnà. Òpó gbọ̀ngàn Màpó n'Íbàdàn wà lára ọnà àdìrẹ tí à ń pè ní Ìbàdàndùn. Bí ìyá àgbà yẹn bá ti gbé Ìbàdàn rí, aṣọ ti sọ ọ́, má tún kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ Aláró (Ìbàdàn):
Ẹ ṣé gan-an. Èmi àti ọmọ ìyá mi jọ kà á. Àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ ti lọ: ìdí ìkòkò ni géèmù á ti bẹ̀rẹ̀, aṣọ á ti wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Ẹni tó máa tún rírẹ àti títú ṣe la máa gbé owó fún. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà, gbólóhùn kan tàbí méjì, á máa jáde nígbà tí aṣọ bá ń gba atẹ́gùn, torí ẹni tó ń gbá a ń dúró de àwọ̀ nígbà yẹn, kò ní bọ́tìnì tó fẹ́ tẹ̀. Ohùn ìyá àgbà nìkan la máa gbà sílẹ̀. Ọmọ ìyá mi ò tíì gbà tán o, ó ní ìtàn òun ti rù.

Aláró Kẹ́ńta, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè wá wo iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín?

Aláró Kẹ́ńta:
Ẹ má wá lọ́jọ́ ọjà. Kí ẹ sì wọ aṣọ tí ẹ ò nání.