Báwo la ṣe lè kó gbogbo ẹbí lọ jẹun níbi tí èrò ti ń tò níwájú káńtà?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Lópin ọ̀sẹ̀, èmi, àwọn ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ọmọ àti Màmá wa tí orúnkún ń dùn jọ lọ jẹun nílé oúnjẹ kan kí ọ̀sán tó pọ́n. Níbẹ̀, èèyàn á tò, á sanwó, wọn á fún un ní nọ́ńbà, á wá lọ wá ìjókòó fúnra rẹ̀. A sanwó tán, kò sí tábìlì. Màmá fara ti ògiri títí àánú fi ṣe mí. Nígbà tá a ríjókòó, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àwọn kan jẹun tán kí tàwọn yòókù tó jáde. Tèmi ti tutù. Inú bí ẹ̀gbọ́n mi, ó lóun ò padà débẹ̀ mọ́ (kò síbi tí kì í ti í sọ bẹ́ẹ̀).

Àmọ́ Màmá fẹ́ràn oúnjẹ wọn, ibẹ̀ náà ló ní ká tún lọ. Mo pè wọ́n, wọ́n ní àwọn kì í fi àyè pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ká tètè lọ, àwọn ọmọ ò ní jẹ́. Ká gbé e wálé, Màmá ò gbà. Kí ẹnì kan lọ jókòó de àwọn tó ń tò náà ń tì mí lójú, torí àwọn tó ti sanwó wà lórí ìdúró.

Ẹ̀yin tí ẹbí yín pọ̀, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tẹ́ ẹ fi ń jókòó pọ̀, tí oúnjẹ yín sì ń dé pọ̀ nírú ibẹ̀?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.