Ìba ni, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́: lórí orúkọ tí a ń wá fún posta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Ìbéèrè tí ọmọ wa tó ń gbé ní Ìlú Ọba bi wá lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ padà sí, nítorí ìdáhùn tí wọ́n fún un kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Ọmọ náà ń kọ́ ìjà idà àtijọ́ ti ilẹ̀ Ítálì, èyí tí Fiore dei Liberi, ọmọ agbègbè Friuli, kọ sínú ìwé ní nǹkan bí ọdún 1410 fún Niccolò d'Este, olórí ìlú Ferrara. Ó fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn àbúrò rẹ̀. Ó wá bèèrè pé kí ni ká máa pe posta, ìyẹn bí ajagun ṣe ń gbé ara àti idà rẹ̀ sí kó tó ṣá tàbí kó tó gún. Posta 12 ni Fiore kà fún idà tí à ń fi ọwọ́ méjì mú. Èyí tó ta kókó jù fún ọmọ náà ni posta di bicorno. Ẹ̀gbọ́n wa olùkọ́ dá a lóhùn pé "ipò ẹ̀ṣọ́" ni posta, pé bicorno sì ni "ipò ẹ̀ṣọ́ oníwò méjì". Ènìyàn mẹ́rin ló ti kan sáárá sí wọn. Èmi ò lè bá wọn kan án.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó kéré kúrò nílẹ̀. Ìwo ló wà lórí màlúù: ohùn ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn àárín. Ìwò tí ẹ kọ, wíwò ni, ìyẹn bí a ṣe ń fi ojú wo nǹkan. Oníwò méjì, ẹni tó ń wo nǹkan lọ́nà méjì nìyẹn. Corno lédè wọn, ìwo ni. Àmì kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ó ti sọ ìwo di ojú.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára gan-an ni ẹ̀ṣọ́. Ènìyàn ni ẹ̀ṣọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ààfin, ẹ̀ṣọ́ ni. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí tó ń jagun fún Aláàfin, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n, a sì máa ń kì wọ́n pé wọn kì í gba ọfà lẹ́yìn, iwájú ni wọ́n fi ń gbà á. Báwo la ṣe fẹ́ mú orúkọ jagunjagun, ká fi pe bí ìgúnpá ṣe tẹ̀ àti ibi tí ṣóńṣó idà kọjú sí? Kò sí Yorùbá kan tó lè "wà ní ẹ̀ṣọ́". Inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, guard, ti ń jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́nà, tó tún ń jẹ́ ìdúró ẹni tó fẹ́ jà. A wá gbé ọ̀rọ̀ náà wọlé tòun ti ẹrù rẹ̀ méjèèjì, a sì ń pè é ní Yorùbá. Ohun tó bí mi nínú nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀, Fiore fúnra rẹ̀ ti la ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀. Nínú ẹ̀dà ìwé rẹ̀ tó wà ní ilé ọnà Getty ní Los Angeles, guardia àti posta ló lò pọ̀. Ó ní guardia ni èyí tí ènìyàn fi ń ṣọ́ ara rẹ̀, tó fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọgbẹ́ ọ̀tá. Bí ẹ bá fẹ́ pe ìyẹn ní ìṣọ́ra, n ò ní jà, nítorí ó kéré tán "ra" ti fi hàn pé ara ẹni ni à ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ó ní posta jẹ mọ́ apostar: kéèyàn lúgọ de ọ̀tá rẹ̀, kó lè ṣe é léṣe láìfi ara tirẹ̀ sínú ewu.

Ẹ tún un kà. Ẹni tó wà nínú posta kò kàn ń dáàbò bo ara rẹ̀. Ó ń ba de ẹnìkan. Yorùbá sì ti ní ọ̀rọ̀ yẹn látọjọ́ tí ọdẹ ti ń wọgbó. Ẹkùn a máa ba. Olè a máa ba de onílé.

Bàbá tó bí bàbá mi, ọdẹ ni wọ́n, ní Òkè-Ògùn. Mo tó nǹkan bí ọmọ ọdún 8 nígbà tí wọ́n nawọ́ sí ológbò ilé wa lẹ́bàá àká. Alángbá kan wà nídìí ògiri. Ológbò náà ti fi ikùn lélẹ̀, eegun èjìká rẹ̀ méjèèjì yọ sókè ju ọrùn lọ, etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, kò sì sí ohun tó ń mì lára rẹ̀ àfi ṣóńṣó ìrù. Mo ní, "Bàbá, ó ń sá pamọ́." Wọ́n ní, "Rárá o. Èyí tó ń sá pamọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á ti kọ ọ̀nà ibi tó fẹ́ gbà lọ. Wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀." Mo wò ó. Méjèèjì ti ká sábẹ́ ara rẹ̀ bí ọ̀pá tàkúté tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀. "Ó ba ni," ni wọ́n wí. N ò tíì rí ìwé gírámà tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn dáadáa tó bẹ́ẹ̀, àwọn bàbá náà kò sì mọ ìwé kà.

Láti ara ba ni mo ti fa ìba yọ: ì- àti ba, bí ìdúró ṣe ti ara dúró wá, bí ìjókòó ṣe ti ara jókòó wá. Ìba ni mo fẹ́ ká máa pe posta.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó wà ní Ìbàdàn bi mí pé kí ló dé tí n kò lo ibùba, tó ti wà nínú Bíbélì, tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, wọ́n sì mọ èdè. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ibù- yẹn. Ibùsùn, ibi tí à ń sùn. Ibùgbé, ibi tí à ń gbé. Ibùdó, ibi tí a dó sí. Ibi ni ibù- máa ń sọ. Ibùba ni abẹ́ igbó tí ọdẹ ba sí. Bí ọdẹ bá dìde lọ, ibùba ṣì wà níbẹ̀ fún ẹlòmíràn. Posta kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ẹni tó gbé idà sẹ́yìn èjìká ọ̀tún nínú posta di donna. Bó bá ṣá a wálẹ̀, láì tiẹ̀ gbé ẹsẹ̀, yóò gba inú posta longa kọjá nígbà tí apá rẹ̀ bá nà tán síwájú, yóò sì balẹ̀ sínú dente di cenghiaro ní ìsàlẹ̀ lápá òsì. Ó ti wọ mẹ́ta kí ojú tó ṣẹ́, orí ilẹ̀ kan náà ló sì wà. Ara àti idà ló ń ba, ilẹ̀ kọ́. Nítorí náà, ì- ni, kì í ṣe ibù-.

Ẹnìkan mú òwe wá pé yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́, pé ìyọ́ ló yẹ kó jẹ́. Òwe náà bá ọ̀rọ̀ mu dé ìdajì. Ẹsẹ̀ ló ń yọ́. Ẹkùn tó ń yọ́ ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Ìgbà tó bá dúró tí kò mira mọ́ ló tó ba.

Àwọn míì ní ìba yóò dàpọ̀ mọ́ ìbà tí à ń jú fún àgbà, àti ibà tó ń mú ọmọ. Kò lè dàpọ̀. Ìbà, ìsàlẹ̀ àti ìsàlẹ̀. Ibà, àárín àti ìsàlẹ̀. Ìba, ìsàlẹ̀ àti àárín. Bí a bá ní ká máa yan ọ̀rọ̀ nítorí ẹni tí kò ní fàmì sí i, a ò ní rí ọ̀rọ̀ kankan yàn mọ́. Èyí tó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀ ni ìba inú "ìba díẹ̀ tí mo ní", nítorí ohùn wọn ṣe rẹ́gí. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í dá rìn. Ó gbọ́dọ̀ fa díẹ̀ tàbí gbólóhùn mìíràn lẹ́yìn, etí á sì ti mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ẹ̀gbọ́n wa olùkọ́ tún pe dente di cenghiaro ní "eyín ẹlẹ́dẹ̀". Ẹ foríjì mí, ìyẹn náà kò lọ. Ìmàdò ni cenghiaro, ẹranko igbó. Àwọn baba wa ya méjèèjì sọ́tọ̀ gédégédé: ìmàdò ì bá ṣe bí ẹlẹ́dẹ̀, a ba ìlú jẹ́. Bí ìmàdò àti ẹlẹ́dẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan, òwe yẹn ò ní ìtumọ̀ mọ́. Fiore sì ní ara eyín ìmàdò ni posta yìí ti kọ́ bí yóò ṣe máa dá ọgbẹ́ síni lára. Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń gún idà bọ̀ sókè dé ojú ọ̀tá, láì gbé ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ló ń ṣá a padà wálẹ̀ sórí apá rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ìmàdò tó dojú kọ ajá ọdẹ yóò mọ̀ pé bí orí rẹ̀ ṣe ń lọ nìyẹn: ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó sì fi eyín gbọ́n nǹkan sókè. Ìba Eyín Ìmàdò. Ẹ pè é sókè, kí ẹ gbọ́ bó ṣe dún.

Ó wá ku bicorno. Nínú àwòrán ẹ̀dà Getty, ọkùnrin náà mú idà súnmọ́ àyà, ṣóńṣó rẹ̀ kọjú síwájú, ọwọ́ rẹ̀ sì yí lórí èèkù lọ́nà tí àwọn tó ń kọ́ ìjà náà lóde òní ṣì ń bá ara wọn jiyàn lé lórí. Fiore ní ó pa dé tó bẹ́ẹ̀ tí ṣóńṣó idà fi máa ń wà láàárín strada nígbà gbogbo. Ó ní ohun tí posta longa lè ṣe, òun náà lè ṣe é, pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú posta méjì mìíràn, fenestra àti frontale. Ẹnìkan túmọ̀ strada sí "títì". Kò sí ọkọ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà ni, èyí tó la àárín ẹni méjì tó dojú kọra, tí a fi ń sọ pé ẹnìkan dínà mọ́ ẹnìkan. Ìba Oníwo-méjì ń dínà, ó sì tún ń ba lójú ọ̀nà tó dí. Ẹ wá sọ fún mi bí "ipò ẹ̀ṣọ́" ṣe máa gbé méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n wa olùkọ́ fi òwe bá mi wí pé bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tíì tẹ èèkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀, pé ọdún 30 làwọn fi kọ́ni ní Yorùbá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọdún 30 náà. Ṣùgbọ́n Fiore ní ó lé ní ọdún 40 tí òun fi kọ́ iṣẹ́ yìí, àti pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún lòun fi idà mímú bá àwọn ọ̀gá mìíràn jà nítorí pé òun kò fẹ́ kọ́ wọn, láìsí ìhámọ́ra irin, ẹ̀wù tí wọ́n ki òwú sí àti ìbọ̀wọ́ awọ nìkan ló wà lára òun. Òun ló ní ọ̀rọ̀ náà, òun ló sì sọ pé lílúgọ ni.

Ẹni tó ní ẹkùn kọ́ ni tigro (tiger lédè Gẹ̀ẹ́sì) tí Fiore yà sínú àwòrán ẹranko mẹ́rin rẹ̀ fún ìyára, tòun ti kìnnìún fún ìgboyà àti erin fún agbára, a ò tíì parí tiwa. Ní abúlé wa, ẹkùn ni wọ́n ń pè é, mi ò sì ní yí i padà.

Èyí tó ku ni orúkọ ẹ̀yà mẹ́ta tí Fiore pín àwọn posta sí: stabile (èyí tó dúró ṣinṣin), instabile, pulsativa. Instabile ni bicorno, pulsativa ni donna. Ìba Aláìpẹ́ ni mo mú fún instabile, nítorí kì í ṣe pé kò lágbára, ó kàn jẹ́ pé ènìyàn kì í pẹ́ nínú rẹ̀ ni. Fún pulsativa, tí ń ṣáni kíkankíkan, Ìba Aṣákíkan ni mo ṣì ń gbé yẹ̀wò, ṣùgbọ́n -kíkan yẹn kò tíì jókòó dáadáa létí mi. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó kọ ọ́ wá, kó sì fàmì sí i.