Ta ló ni ẹ̀dínwó owó orí tí a bá san owó kọ́lẹ́ẹ̀jì ọmọ?

Ìyá Wúrà: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin òbí tó ń sanwó kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà. Ọmọ mi gba W-2, ìwé tó ń fi owó oṣù àti owó orí tí wọ́n yọ hàn, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn kíláàsì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó jókòó ti fóònù, ó fáìlì owó orí tirẹ̀, ó ní kò sí ẹni tó ń gbọ́ bùkátà òun. Àṣé èmi àti bàbá rẹ̀ ò jẹ́ nǹkan kan! Nígbà tí àwa náà fáìlì, IRS, ilé iṣẹ́ owó orí Amẹ́ríkà, dá tiwa padà, torí nọ́ńbà Social Security rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, ti wà nínú ìwé mìíràn. Ó fi 1040-X, fọ́ọ̀mù àtúnṣe owó orí, tún tirẹ̀ ṣe, àwa sì fi póòsì ránṣẹ́. Kò tíì pé ọmọ ọdún 24, ó ń kàwé ní kíkún, bùkátà rẹ̀ sì wà lọ́rùn wa, nítorí náà àwa la ni American Opportunity Credit, ìyẹn ẹ̀dínwó owó orí fún owó kọ́lẹ́ẹ̀jì. A rí $2,500 náà gbà, ṣùgbọ́n ojú wa rí tó.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta: Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Ní tiwa, ìyá mi ló san owó ìkẹ́kọ̀ọ́ àkọ́bí wa. Owó náà ju $19,000 tí èèyàn lè fi tọrẹ fún ẹnì kan lọ́dún 2025 láìkọ Fọ́ọ̀mù 709, ìwé tí wọ́n fi ń jábọ̀ ẹ̀bùn fún IRS, ẹ̀rù wá ń bà á. Akáǹtáǹtì ní kó fọkàn balẹ̀: ilé-ìwé ló san án fún tààrà, òfin ò sì ka irú owó bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀bùn, bó ti wù kó pọ̀ tó. Ká ní ọmọ ló kó o fún ni, ọ̀rọ̀ ì bá yí padà. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé àwa tí a kọ ọmọ sínú ìwé wa la ni ẹ̀dínwó, sẹ́ǹtì kan ò sì ti àpò wa jáde. Ìyá mi ṣì ń bínú.

Àbúrò Yín: Èmi ní 529, àpò ìfowópamọ́ fún ẹ̀kọ́ ọmọ, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè fi owó kan náà gba àǹfààní méjì. A fi owó tiwa san $4,000 nínú owó ìkẹ́kọ̀ọ́, torí $2,000 àkọ́kọ́ ni wọ́n ń dá padà pátápátá, wọ́n sì ń dá ìdá kan nínú mẹ́rin $2,000 tó tẹ̀ lé e padà. Yàrá àti oúnjẹ, 529 ló gbé e. Ẹ̀dínwó yẹn ò mọ̀ wọ́n rí. Ṣùgbọ́n tí owó tó ń wọlé fún tọkọtaya lọ́dún bá ti kọjá $180,000, ẹ má wulẹ̀ dààmú.

Ìyá Wúrà: Ẹ ṣé, àbúrò. Ìwé kíkà ńkọ́?

Àbúrò Yín: Ó wọlé, mà. Ẹ pa rísíìtì mọ́, torí èyí tí ẹ bá rà níta kì í sí nínú 1098-T, ìwé tí ilé-ìwé fi ń jábọ̀ owó ìkẹ́kọ̀ọ́ tí a san.